Ẹni Tó Bá Mi Tẹ Bírékì ní Ugbónlà

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹ tó máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: èmi kì í mutí, mi ò sì sùn lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ojú mi là kedere. Ẹni tó bá fẹ́ kó gbà á gbọ́, ẹni tó bá sì fẹ́ kó ní èéfín ọkọ̀ ti kún orí mi. Èmi tí mo wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ni mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi.

Ìyàwó mi gan-an ò tíì gbọ́ ọ délẹ̀. Bí mo bá ti dé ibi ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ yẹn ló máa ń ní kí n dákẹ́, pé òun fẹ́ sùn lóru. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún tán pátápátá, torí pé ó ti ń wúwo jù fún èmi nìkan.

Ọmọ Oríòkè-Ìwàmímọ́ ni mí, inú ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ti gbé mi dàgbà, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ilẹ̀ ni orí mi yàn. Òkìtìpupa ni mo ti kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì. Nígbà tí mo gba òmìnira, mo padà wá sílé, mo pàgọ́ sí Ugbónlà, ní ibi tí ọ̀nà ọkọ̀ ti dá gẹ̀ẹ́rẹ́ lọ bá omi. Ibẹ̀ dára fún irú iṣẹ́ wa. Àwọn tó ń lọ sí Zion Pepe àti àwọn ìletò tó wà níwájú máa ń gbé ọkọ̀ wọn sílẹ̀ létí omi, wọ́n á wọ bóòtù lọ, ọkọ̀ á sì wà níbẹ̀ títí wọn á fi dé. Iyọ̀ tó wà nínú afẹ́fẹ́ wa kì í jẹ́ kí irin gbádùn. Bí wọ́n bá fi máa dé, nǹkan kan á ti bàjẹ́, wọ́n á sì wá mi wá.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, mi ò tíì pẹ́ níbẹ̀. Mo ti mọ àwọn ènìyàn lójú, ṣùgbọ́n mi ò tíì mọ ohun tó wà nínú ilé kálukú. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni, nígbà òjò. Bọ̀ọ̀dá Sùlé, tó ń ta ẹja yíyan, gbé ọkọ̀ kan wá bá mi láàárọ̀. Ọkọ̀ àgbà ni, tí ọ̀dà rẹ̀ ti ń ṣí, àmọ́ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì ń dún dáadáa. Ó ní bírékì rẹ̀ rọ̀ jù. Ó ní òun kàn fi jíà àti orí ire wà á dé ọ̀dọ̀ mi ni.

Mo ní kó fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ó ní kò ṣeé ṣe. Ó wá ṣàlàyé fún mi pé ìyàwó àbúrò òun, Rábì, ló ń rọbí láti òru, ìyá agbẹ̀bí sì ti sọ pé ọmọ náà dábùú nínú, pé ọwọ́ òun ò ká a, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Òkìtìpupa. Ọkọ̀ ojú omi ò lè gbé e dé Igbókòdá, níbi tí wọn ì bá ti wọ ọkọ̀ Òkìtìpupa, torí pé ewéko orí omi ti dí gbogbo ọ̀nà odò, bóòtù tó bá wọ ibẹ̀ á kàn máa fi ẹ̀rọ hú ewé ni. Ọ̀kadà ò ṣeé fi gbé aboyún tí ọmọ dábùú nínú rẹ̀. Ọkọ̀ tó kù létí omi lọ́jọ́ náà, àwọn tó ni wọ́n ti kó kọ́kọ́rọ́ lọ sí òkun. Ọkọ̀ yìí nìkan ló wà. Bí mo bá tún un ṣe, Rábì á rí ibi lọ. Bí mi ò bá tún un ṣe, ẹ̀yin náà mọ ohun tó kù.

Mo bi í pé níbo ni ọkọ Rábì wà. Ó ní, "Kò sí nílé." Mo rò pé ó lọ pẹja ni. Ta ni kò ní rò bẹ́ẹ̀ ní ọ̀dọ̀ tiwa?

Mo jókòó sáyè dírẹ́bà, mo tẹ bírékì. Ó rọ̀ bí ẹ̀bà tí omi rẹ̀ pọ̀ jù. Mo tẹ̀ ẹ́ léraléra, ó gbéra díẹ̀, ó le díẹ̀. Tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ ló ti wọ inú páìpù. Mo wá fi ẹsẹ̀ dì í mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọra rì lọ sílẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ìyẹn ni pé epo bírékì ń jò níbì kan, tàbí kí rọ́bà inú mọ́sítà, ìyẹn ibi tó ń ti epo náà jáde, ti gbó. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo wo ike tí epo bírékì máa ń wà nínú rẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ dúdú, ó sì ń rùn bí ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò.

Mo béèrè bóyá omi ti wọ ọkọ̀ náà rí. Bọ̀ọ̀dá Sùlé yí ojú sí apá odò, ó ní omi kàn án díẹ̀.

Mi ò béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni mo ti ṣìṣe, irú àṣìṣe tó jẹ́ pé ọmọ Ìlàjẹ nìkan ló lè ṣe é. Ẹni tó wá láti òkè ọ̀hún ì bá béèrè pé irú omi wo, báwo ló ṣe dé inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọ̀dọ̀ wa, òkun máa ń wọ ilé bá ènìyàn lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọkọ̀ wo ni omi ò kàn rí? Mo kàn da omi ẹlẹ́rẹ̀ náà nù, mo fọ ike, mo tún epo tuntun dà sí i.

Mo dí ẹnu mọ́sítà, mo tẹ bírékì, ó le gbagidi. Á jẹ́ pé mọ́sítà ò ní ẹ̀sùn. Mo wá wọ abẹ́ ọkọ̀, mo fi ọwọ́ tọ páìpù láti iwájú dé ẹ̀yìn. Níbi tó ti fẹ́ yà sí táyà ẹ̀yìn lápá òsì, ìpẹtà ti jẹ ẹ́ dé ibi pé ó ń làágùn epo. Mo yọ ọ́, mo fi òmíràn sí i. Ohun tó kù ò ju kí a lé afẹ́fẹ́ jáde.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí, kí ẹ lè lóye ohun tó ń bọ̀. Ènìyàn méjì ló ń ṣe é. Ọ̀kan á jókòó sáyè dírẹ́bà, ọ̀kan á wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Ẹni ilẹ̀ á ní, "Tẹ̀ ẹ́," ẹni òkè á tẹ̀ ẹ́ léraléra. Ẹni ilẹ̀ á ní, "Dì í mú," ẹni òkè á fi ẹsẹ̀ dì í mú pinpin, á sì dáhùn pé òun ti dì í mú. Ìgbà náà ni ẹni ilẹ̀ á tú nọ́ọ̀tì kékeré kan tí à ń pè ní nípù, epo àti afẹ́fẹ́ á tú jáde, á sì tún un dì. Lẹ́yìn náà ló tó máa ní, "Fi í sílẹ̀." Ẹni òkè ò gbọdọ̀ gbé ẹsẹ̀ títí yóò fi gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Tó bá gbé e, afẹ́fẹ́ á tún fà wọlé, gbogbo iṣẹ́ á sì bàjẹ́. Ẹnì kan ò rí ojú ẹnì kejì. Ohùn la fi ń ṣe é.

Àsìkò ìrun Jímọ̀ ti tó. Bọ̀ọ̀dá Sùlé ní òun ń lọ kírun kí òun sì tọrọ àánú Ọlọ́run fún Rábì, pé òun á wá ẹnì kan tó máa bá mi tẹ bírékì. Ó fi igi há iwájú táyà, torí pé imú ọkọ̀ náà kọjú sí omi, ilẹ̀ ibẹ̀ sì dá gẹ̀ẹ́rẹ́. Ó lọ.

Etí omi wá dákẹ́. Àwọn mùsùlùmí wà ní mọ́ṣáláṣí, àwọn tó kù wà nínú ilé torí pé òjò ń wìnnìwìnnì. Kùrukùru bo orí odò débi pé mi ò rí igi tí wọ́n ń so bóòtù mọ́. Ọ̀sán gangan ni o, ẹ gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n ó rí bí ìgbà tí ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán.

Mo wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn nígbà tí mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn ọkọ̀ ṣí. Ọkọ̀ náà rì díẹ̀ lórí jáàkì, bó ṣe máa ń rì tí ènìyàn bá jókòó sínú rẹ̀. Inú mi dùn pé Bọ̀ọ̀dá Sùlé tètè rí ẹni rán wá.

Mo ní, "Ṣé o ti dé?"

Ohùn kan dáhùn jẹ́jẹ́, bí ohùn ẹni tí òtútù mú. "Mo ti dé."

Mi ò dìde wò ó. Kí ni mo fẹ́ wò? Àwa tí wọ́n bí sórí omi, ohùn la fi ń mọ ara wa. Nínú kùrukùru, bóòtù á kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ bóòtù, a ó kí ara wa, a ó béèrè ará ilé, a ó yà fún ara wa, a ò ní rí ojú ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ti dáhùn, ènìyàn ni.

Mo ní kó tẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀ ẹ́. Mo ní kó dì í mú. Ó ní, "Mo dì í mú." Mo tú nípù.

Ṣé ẹ rántí pé mo ti da omi ẹlẹ́rẹ̀ nù, mo sì ti da epo tuntun sí i? Omi ló kọ́kọ́ jáde. Omi odò, ó dúdú, ó sì tutù débi pé ìka mi kú. Koríko tín-ín-rín kan wà nínú rẹ̀. Mo ní ó lè jẹ́ èyí tó ti sá sínú páìpù ni. Mo dì í, mo ní kó fi í sílẹ̀, ó fi í sílẹ̀. A ṣe é bẹ́ẹ̀ títí epo tó mọ́ fi ń jáde.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹni tí ò ṣe é rí máa ń yára gbé ẹsẹ̀, ìyẹn ló máa ń bí mi nínú jù nínú iṣẹ́ yìí. Ẹni yìí ò yára gbé ẹsẹ̀ rárá. Ó ń dì í mú bí ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo bá a sọ̀rọ̀ díẹ̀, mo ní ọjọ́ ti tutù o. Mo bi í pé báwo ni Rábì. Ó fi ohùn yẹn béèrè lọ́wọ́ èmi.

"Ṣé ó ti bí?"

Mo ní kò tíì bí, òun la ń torí rẹ̀ ṣe ọkọ̀ yìí. Mo gbọ́ mímí rẹ̀, ó ń dún gbùlùgbùlù lọ́nà ọ̀fun.

A ṣe ẹ̀yìn tán. Mo sọ ọkọ̀ kalẹ̀, mo yọ jáàkì, mo bọ́ síwájú. A ṣe apá ọ̀tún. Mo wá dé táyà iwájú lápá òsì, tó wà nítòsí ilẹ̀kùn dírẹ́bà. Ilẹ̀kùn náà ṣí sílẹ̀. Òjò ti dá, ṣùgbọ́n omi ń kán láti ẹnu ilẹ̀kùn náà sórí ilẹ̀, ó ń ṣàn wá síbi tí mo dùbúlẹ̀ sí. Síbẹ̀ mo ní, "Tẹ̀ ẹ́." Ó tẹ̀ ẹ́. "Dì í mú."

"Mo dì í mú."

Bí mo ṣe na ọwọ́ sí nípù, orí mi yí sí apá ilẹ̀kùn, mo sì rí ẹsẹ̀ náà.

Ẹsẹ̀ ọkùnrin ni, láìsí bàtà. Ó funfun, ó hunjọ bí ọwọ́ obìnrin tó fọ aṣọ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ẹrẹ̀ wà láàárín ìka rẹ̀. Ó tẹ pẹ́dà náà mọ́lẹ̀, ó dúró gbọnin. Mi ò lè gbé ojú sókè láti wo ibi tó kù. Ọrùn mi kọ̀ jálẹ̀.

Ó wá sọ̀rọ̀, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni ń dá sọ̀rọ̀. "Bó ṣe yẹ kó le nìyí. Lọ́jọ́ yẹn, ilẹ̀ ló lọ."

Mo dì nípù náà, mi ò mọ bí mo ṣe dì í. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ohùn Bọ̀ọ̀dá Sùlé lẹ́yìn mi. Ó ní kí n má bínú, ìrun ló pẹ́, pé ẹni tó máa bá mi tẹ bírékì rèé. Mo fa ara mi jáde nílẹ̀. Òun àti Wàídì tó ń wa bóòtù ni wọ́n dúró níbẹ̀, fìlà ìrun ṣì wà lórí wọn.

Mo ní, "Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ rán ẹni tó wà nínú ọkọ̀?"

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wo inú ọkọ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni. Àga dírẹ́bà rin gbindin, omi dúró nínú kòtò rẹ̀, ó ń kán sílẹ̀. Pẹ́dà bírékì wà ní títẹ̀, kò gbéra. Wàídì lọ wo ẹ̀yìn ọkọ̀, ó padà wá, ó rọra sọ pé iná bírékì ń tàn.

Bọ̀ọ̀dá Sùlé jókòó sórí igi kan, ó di orí mú. Ibẹ̀ ló ti sọ ọ́. Àbúrò rẹ̀, Múkáílà, ọkọ Rábì, ló ni ọkọ̀ náà. Nígbà tí oyún Rábì ṣì kéré, Múkáílà ń wa ọkọ̀ náà bọ̀ níbi gẹ̀ẹ́rẹ́ yìí, ó tẹ bírékì, bírékì lọ sílẹ̀ pátápátá, ọkọ̀ bá a wọ omi. Okùn àti bóòtù ni wọ́n fi fà á jáde, òun alára ti kú, ó ṣì wà lórí àga, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lórí bírékì. Wọ́n tún ẹ́ńjìnnì ṣe níbòmíràn, wọn ò sọ fún ẹni tó tún un ṣe, wọn ò sì sọ fún èmi, torí wọ́n rò pé mi ò ní fọwọ́ kàn án. Òótọ́ ni. N kì bá fọwọ́ kàn án.

Inú bí mi, ẹ̀rù sì bà mí. Mo fẹ́ máa lọ ilé mi. Ṣùgbọ́n kí n tó gbé ẹsẹ̀ ni àwọn obìnrin ti ń gbé Rábì bọ̀ láti orí afárá onípákó, ìyá agbẹ̀bí wà níwájú wọn. Obìnrin náà ò lè pariwo mọ́. Ó kàn ń gbọ̀n.

Ìyá agbẹ̀bí ní, "Ẹ má dúró o. Apá ọma ti yọ jáde. Bí a bá dúró níbí, àwọn méjèèjì ni a ó gbé padà wọ ulé."

Mo wo Bọ̀ọ̀dá Sùlé, ó wò mí. Kò sí ọkọ̀ mìíràn. Ó dìde, ó ní kí wọ́n gbé e sẹ́yìn. Wọ́n gbé e wọlé, ìyá agbẹ̀bí gbé orí rẹ̀ lé itan. Bọ̀ọ̀dá Sùlé sọ bìsìmílà, ó jókòó sórí omi inú àga náà, mo rí bí ara rẹ̀ ṣe ta. Ó tan ẹ́ńjìnnì, ó fi í sí rìfáàsì. Mo yọ igi tó wà níwájú táyà kí ó má bàa dí i lọ́wọ́.

Ọkọ̀ ò lọ. Ẹ́ńjìnnì ń ké, táyà ò yí. Àwa ọkùnrin tì í, bí ẹni ń ti ògiri ni. Bọ̀ọ̀dá Sùlé ní òun ò tẹ bírékì, pé ẹsẹ̀ òun ò sí níbẹ̀, kí n wá wò ó.

Mo ṣe ohun tí mo mọ̀. Mo tú nípù táyà iwájú kí epo tú jáde, kí bírékì lè tú. Ẹ̀kán epo kan ò jáde. Mo tú ti ẹ̀yìn, bákan náà. Mo dì wọ́n padà. Mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn, mo na ọwọ́ sí abẹ́ pẹ́dà láti fà á sókè.

Ọwọ́ mi kan ohun tí kì í ṣe irin. Ó rọ̀, ó tutù. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo wá rántí, òógùn sì bò mí nínú òtútù yẹn. Èmi ni mo ní kó dì í mú. Mo sá dìde láì sọ èyí tó kù fún un. Ẹni tó mọ iṣẹ́ ni, ó ń dúró dè mí.

Lójú gbogbo ènìyàn, mo tún dùbúlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà náà. Mo ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, sà."

Nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Mo tún sọ ọ́. Ohùn náà dáhùn nítòsí etí mi, ó ń gbọ̀n.

"Tí mo bá fi í sílẹ̀, omi ni."

Ẹ wò ó, ẹ̀rù ń ba òun náà. Kò fẹ́ ṣe wá ní ibi. Imú ọkọ̀ kọjú sí odò, ìyàwó rẹ̀ wà nínú rẹ̀, ọmọ rẹ̀ wà nínú ìyàwó rẹ̀, ó sì mọ ibi tí bírékì yẹn gbé òun alára lọ. Kò ní gbé ẹsẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un bí ẹni ń ṣàlàyé fún ẹni tó ni ọkọ̀, mo ní mo ti pààrọ̀ páìpù, mo ní kò sí afẹ́fẹ́ mọ́, mo ní mo fi iṣẹ́ mi búra. Omi ṣáà ń kán. Ní àga ẹ̀yìn, Rábì kérora kan, ìyá agbẹ̀bí bẹ̀rẹ̀ sí í pè é lórúkọ, bí wọ́n ṣe ń pe ẹni tó ń lọ.

Mi ò mọ bóyá Rábì gbọ́ ohun tí èmi gbọ́. Títí dòní, mi ò bi í. Ṣùgbọ́n ó la ojú, ó wo ẹ̀yìn àga dírẹ́bà, kì í ṣe Bọ̀ọ̀dá Sùlé ló ń wò.

Ó fi orúkọ àkọ́bí wọn pe ọkọ rẹ̀, ó ní, "Bàbá Àíṣà, ọmọ yín ò lè dúró mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀ fún mi."

Pẹ́dà náà gbéra, díẹ̀díẹ̀, mo ń wò ó, títí ó fi dé òkè. Iná ẹ̀yìn kú. Ọkọ̀ náà yí síwájú díẹ̀, sí apá odò, gbogbo wa sì mí kanlẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Sùlé tẹ bírékì, ó mú un gan-an. Ó fà á sẹ́yìn, ó yí i, wọ́n lọ.

Mo jókòó sínú ẹrẹ̀ níbẹ̀, mo sunkún. Mi ò tijú láti sọ ọ́. Ẹkún ọkùnrin tí mi ò mọ̀ rí ni mo ń sun.

Wọ́n bá a dé ilé ìwòsàn. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ó bí ọmọkùnrin, àwọn méjèèjì yè. Bọ̀ọ̀dá Sùlé wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní bírékì náà dára, ó dára jù. Ó ní lójú ọ̀nà, ẹran kan já sí iwájú òun, kí ẹsẹ̀ òun tó kan bírékì, bírékì ti mú. Ó ní ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó yẹ kí òun dúró. Ó ń rẹ́rìn-ín nígbà tó ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Mo ní kó ta ọkọ̀ náà. Ó ní Rábì ò gbà.

Rábì máa ń gbé ọmọ náà lọ sínú ọkọ̀ tí àwọn ọkùnrin bá ti lọ kírun Jímọ̀. Iwájú ló máa ń jókòó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga dírẹ́bà. Mo rí wọn lẹ́ẹ̀kan láti ẹnu àgọ́ mi. Ẹnu rẹ̀ ń lọ, ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ìgbà tó yá, ó na ọmọ náà sí apá ibi tí ẹnikẹ́ni ò jókòó sí, ó sì gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kúrò. Ọmọ náà ò jábọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló gbé e wá kí mi. Ọmọ tó rẹwà ni. Mo gbà á mọ́ra, mo gbá a lẹ́yìn jẹ́jẹ́. Òjò ò rọ̀ lọ́jọ́ náà, oòrùn mú gan-an. Ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ rin gbindin, ó ń rùn bí ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò. Mo wo Rábì, ó yí ojú kúrò, ó gba ọmọ rẹ̀, ó ní àwọn ń lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, bí ẹ bá ń tún bírékì ṣe, tí ẹ sì gbọ́ pé ẹnì kan jókòó sókè, ẹ dìde, ẹ lọ wo ojú rẹ̀, bó ti wù kí ó mọ iṣẹ́ náà tó. Ẹ má fi ohùn nìkan gba ènìyàn. Bí ẹ bá sì fẹ́ ra ọkọ̀ àgbà létí omi, ẹ béèrè ẹni tó jókòó nínú rẹ̀ kẹ́yìn, kí ẹ má sì gbà kí ẹni tó ń tà á yí ojú sí odò dá yín lóhùn.

Ní tèmi, mi ò sùn dáadáa mọ́. Mo máa ń dùbúlẹ̀, mo máa ń tún ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà rò láti ìbẹ̀rẹ̀. Rábì ní kó fi í sílẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwa tí a wà níbẹ̀, kò sí ẹnì kan tó rántí sọ fún un pé kó sọ̀ kalẹ̀.